Òṣómàáló Káàdì Àjẹsára

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ sí jẹ́lé-ó-sinmi Màmá Ọdúntán ní Dàda Estate, Òṣogbo, ohun mẹ́ta ni màmá yóò kọ́kọ́ bi í: orúkọ ọmọ, oúnjẹ tí ara ọmọ kò gbà, àti káàdì àjẹsára ọmọ. Bí òbí bá dáhùn méjì àkọ́kọ́, tó wá ní ẹ̀kẹta wà nílé, òun àti ọmọ ni yóò jọ padà sílé lọ mú un wá. Màmá kò ní bínú. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò fi bisikíìtì kan lé ọmọ lọ́wọ́, yóò sì ti géètì.

Adétọ́lá ni orúkọ tí bàbá màmá sọ ọ́. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, abúlé oníkòkó kan lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n bí i sí ní ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ títà ni ọkùnrin náà fẹ́ràn jù. Ọ̀kan lára àwọn òṣómàáló ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á títí onítọ̀hún yóò fi rí owó san. Ọkọ ló gbé Adétọ́lá wá sí Òṣogbo. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní fáìlì kì í sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, sùúrù nìkan ló máa ń sọnù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ papò dà, tí òun náà sì fẹ̀yìn tì, ó tún ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ṣe, ó kun ún ní àwọ̀ ewé, ó sì gbé àga kéékèèké síbẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ń dé, nítorí òṣìṣẹ́ Àbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òbí wọn, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á gbé ọmọ kalẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì nínú báàgì. Màmá á gbà á, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná, á wo ẹyinjú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó ráyè kí òbí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí o. Ní ọdún kẹta tó dá iléewé náà sílẹ̀, bí òbí bá ní, "Mọ̀mí, lọ́la ni n ó mú káàdì wá," màmá á kọ "lọ́la" sínú fáìlì, á sì gba ọmọ wọlé. Lọ́la yẹn kò dé títí èéyi fi wọ̀lú lọ́dún náà. Ọmọ mẹ́rin ló kó o nínú iléewé rẹ̀. Ara wọn gbóná, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń wúkọ́, èéyi sì sú bò wọ́n láti ojú dé ẹsẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn san. Ẹ̀kẹrin, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwalolúwa, san pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́. Nígbà tí màmá lọ ṣí fáìlì rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbi tó yẹ kí káàdì wà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ìyá Tiwalolúwa kò bá a jà. Títí dòní, bí wọ́n bá pàdé lójú títì, obìnrin náà ń kí i dáadáa, ìkíni yẹn sì ń dun màmá ju èébú lọ.

Láti ìgbà náà ló ti rántí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Òbí tó bá ní òun kò rí káàdì, tàbí tó jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ kọjá, Màmá Ọdúntán á dé ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á ní òun ò kánjú. Bí wọ́n bá fún un lómi, á mu. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ, á sì yin ẹni tó sè é. Ohun kan tí kò ní ṣe ni pé kó dìde. Bó bá jẹ́ káàdì ló sọnù, á bá wọn wo abẹ́ ìbùsùn, á bá wọn tú àpótí. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni ọmọ kò tíì gbà, á ní kí ìyá ọmọ wọṣọ, kí àwọn jọ gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Òṣómàáló Káàdì lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn sí i.

Àwọn tó fẹ́ kó yọ ọmọ tiwọn sílẹ̀ kò níye. Ọ̀gá kan ní Àbẹ̀rẹ̀ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ pé kó gba ọmọ òun wọlé ná, òun yóò ṣàlàyé bó bá yá. Màmá kọ "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà" sí ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì dá a padà. Bàbá kan mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ wòlíì ìjọ rẹ̀, tòun ti òǹtẹ̀ pupa, pé ọmọ náà wà lábẹ́ ààbò, kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Màmá kà á láti òkè délẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì fi í lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Lẹ́tà tó dára ni," ó wí. "Ẹ bá mi bi wòlíì bóyá ààbò náà kan àwọn ọmọ yòókù tí ọmọ yín máa bá ṣeré."

Bàbá náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí iléewé mìíràn. Ìwé ẹnì kan péré ni Màmá Ọdúntán máa ń gbà, ìyẹn ìwé dókítà.

Ní oṣù kẹsàn-án ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Nehemiah Akínladé ló mú un wá, awakọ̀ takisí tó ń ná ọ̀nà Àbẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Testimony, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà, oògùn tí wọ́n ń fún un sì ti jẹ́ kí irun orí rẹ̀ re tán. Ìyá rẹ̀, Tómilọ́lá, jẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan lọ́nà Iléṣà, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Dókítà kọ ọ́ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ gba àjẹsára èéyi títí wọn yóò fi parí oògùn rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ kò lágbára tó. Ó tún kọ ọ́ pé bí èéyi gan-an bá mú un, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Iléewé méjì ti kọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ màmá.

"Mọ̀mí, ẹgbẹ́ ló ń wù ú," ni Nehemiah wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ títí tó ti rẹ̀ ẹ́. "Dókítà ní ó lè lọ síléewé, bí gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ti gba tiwọn. Ṣé gbogbo wọn ti gbà á?"

Màmá wo ibi tí àwọn fáìlì rẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Ọgbọ̀n ọmọ, ọgbọ̀n fáìlì.

"Gbogbo wọn, Nehemiah. Mo ṣèlérí fún ọ."

Báyìí ni Testimony ṣe di ọmọ kọkànlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Awwal Mọ́ṣúdù wọ́ àga rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, ó bi í pé níbo ni irun rẹ̀ wà. Testimony ní ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń jókòó, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì jọ ń sùn sórí ẹní kan lọ́sàn-án.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, tí ẹ̀rùn mú gan-an, Ikhlas, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, sọ fún màmá pé èéyi ti wọ àwọn agbo ilé kan nínú Òṣogbo àtijọ́. Àyà màmá kò já. Ó ní àwọn ọmọ tòun ti di ìhámọ́ra. Ó ṣáà tún mú àwọn fáìlì sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ti lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìyá bàbá Awwal ló wá mú un. Alhájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọbìnrin kan tó ga ju Awwal lọ díẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kifayat rèé," ni Alhájà wí. "Ìyá rẹ̀ ni ìyáálé ìyá Awwal. Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n ń gbé báyìí, iléewé ọ̀hún ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún Awwal o, kí ẹ má rò pé ìbejì ni wọ́n. Ọjọ́ tí à ń sọ Kifayat lórúkọ gan-an ni ìyá Awwal rọbí. Àwọn àáfà ṣì wà níjokòó, a ò mọ èyí tí à bá ṣe."

Màmá ń bá a rẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kélòó oṣù ni wọ́n bí Kifayat?"

"Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà."

Màmá wọlé lọ mú fáìlì Awwal. Lórí fọ́ọ̀mù tí Sikirat, ìyá Awwal, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ni wọ́n bí ọmọ. Lórí káàdì, ọjọ́ kẹta ni. Màmá ti rí ìyàtọ̀ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ náà wá. Ó ti kà á lórí ìka, ó rí i pé láti ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ kẹjọ ni, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó wá ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ni ìyá ọmọ kọ dípò ọjọ́ tó bí i, àwọn abiyamọ mà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ orí káàdì náà kò sì fu ú lára. "Ọmọ Mọ́ṣúdù" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kì í dúró de àáfà tàbí àlùfáà, nítorí náà ìdajì àwọn káàdì tó wà lọ́wọ́ màmá ló ń jẹ́ Ọmọ Lágbájá. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹni tó kọ káàdì náà ti fò ó.

Káàdì Kifayat ló ti wà nínú fáìlì Awwal láti ìgbà yìí wá. Màmá jókòó sórí àga ọmọdé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Láti ojú fèrèsé, ó ń wo Awwal àti Testimony tí wọ́n ń fa bàtà ara wọn.

Ó dìde, ó lọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Awwal. Ara rẹ̀ tutù. Ó sọ fún Alhájà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí Awwal má ṣe wá láti ọjọ́ Ajé títí òun yóò fi ní kó wá, àti pé òun ń bọ̀ nílé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mùyídéènì, bàbá Awwal, ń ṣe bàtà aláwọ ní iwájú agbo ilé wọn. Oníbàárà méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí màmá dé. Ó dìde kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ojú rẹ̀ le.

"Mọ̀mí, káàdì lẹ ní ká mú wá, a sì mú káàdì wá. Gbogbo abẹ́rẹ́ ló pé síbẹ̀."

"Káàdì Kifayat ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ lójú àwọn oníbàárà mi pé mo fi káàdì ọmọ kan gba ọ̀nà fún ọmọ mìíràn ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá Awwal. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Káàdì kejì ni mo fẹ́ rí."

"Àwọn ọmọ méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ wọn. Ẹ máa lọ sílé, Mọ̀mí, ẹ lọ sinmi."

"N ò níí lọ ulé," ni màmá wí. Bí inú bá ń bí i, tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á, ilé rẹ̀ a máa di ulé bíi ti àwọn ará abúlé rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

Àwọn oníbàárà lọ. Mùyídéènì ń fi ọmọ owú kan awọ kíkankíkan, bí ẹni pé awọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Alhájà gbé omi wá, màmá mu ún. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá, màmá jẹ ẹ́, ó ní ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Wọ́n kírun Alásárì, wọ́n kí i tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rẹ̀, Sikirat ti ọjà dé. Kó tó sọ igbá orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ti bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Sikirat dúró sójú kan.

"Mọ̀mí," ó wí, "ti èéyi, oṣù wo ni ọmọ máa ń gbà á?"

"Tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Tó bá tún pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò gba èkejì."

"Ìbàdàn ni mo wà nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá mi ló ń ṣàìsàn, ọwọ́ Alhájà ni mo fi Awwal sí. Nígbà tí mo dé, mo wo inú àpò tí Alhájà ń kó káàdì sí, mo rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ti gbà á. Mo ní Alhamdulilahi, ìyáálé mi ti bá mi gbé e lọ. Kódà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi."

Alhájà ní òun náà rò pé Rùkáyà, ìyáálé náà, ló gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ. Wọ́n pe Rùkáyà lórí fóònù ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Rùkáyà ní Kifayat nìkan lòun gbé lọ nígbà méjèèjì, òun sì dá káàdì padà sínú àpò Alhájà nítorí ibẹ̀ ni káàdì ilé náà ń gbé. Òun rò pé Sikirat yóò gbé tirẹ̀ lọ bó bá ti Ìbàdàn dé.

Alhájà wọlé, ó sì tú àpò náà. Nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi gbé Awwal jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni káàdì kejì wà. Ọmọ Mọ́ṣúdù, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ju ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá lọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ. Ọmọ náà kàn ní ìyá mẹ́ta ni, olúkúlùkù sì fi í lé èkejì lọ́wọ́. Mùyídéènì fi ọmọ owú sílẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú," ojú sì tì í gan-an. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó jẹ́ ọjọ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá ṣe pé ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí. Ara Awwal kò gbóná, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàìsàn, káàdì ti jáde, abẹ́rẹ́ sì ń bọ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá Ọdúntán ti wà níwájú ilé Nehemiah níbi tí ọkùnrin náà ti ń fọ takisí rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìkan pamọ́: ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹwàá, oṣù márùn-ún tí Testimony àti Awwal fi jọ sùn sórí ẹní kan.

"Ẹ ṣèlérí fún mi," ni Nehemiah wí.

"Mo ṣèlérí."

"Ẹ ní gbogbo wọn."

"Mo rí ọjọ́ méjì tí kò bára mu, mo sì dáhùn ìbéèrè náà fúnra mi dípò kí n bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ mi ni. Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè nàka sí."

Omi ń kán láti ara àkísà tó wà lọ́wọ́ Nehemiah. Kò bú u. Ó ní kó máa lọ, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà dun màmá dọ́kàn bó ṣe ń rìn lọ, ó sì sunkún lójú ọ̀nà láìbìkítà ẹni tó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sikirat pè é pé ara Awwal gbóná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wúkọ́, nọ́ọ̀sì Ikhlas kò sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ kankan mọ́. Lọ́jọ́rú, èéyi sú sí i lójú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn àti àyà. Màmá pe gbogbo àwọn òbí, ó sọ fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni àwọn òbí wọn mú lọ pátápátá, ọ̀kan nínú wọn sì sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu géètì bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí.

Nọ́ọ̀sì Ikhlas ka ọjọ́ fún un lórí ìka ọwọ́. Ẹni tí èéyi bá mú lè kó o ran ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó sú sí i lára. Ọjọ́rú ló sú sí Awwal. Ìṣẹ́gun, Ajé, Àìkú, Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì ni Awwal àti Testimony fojú kanra gbẹ̀yìn.

"Ọjọ́ kan péré ni Testimony fi yọ," ni Ikhlas wí. "Tí ẹ bá fi Awwal sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, Mọ̀mí, n ò mọ ohun tí à bá máa sọ. Síbẹ̀, n ò lè búra. Kí wọ́n lọ rí dókítà Testimony, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Màmá jíṣẹ́ náà fún Nehemiah láti òdìkejì títì, nítorí ọkùnrin náà kò fẹ́ kó sún mọ́ ilé. Nehemiah gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì ní kó wà nílé. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí màmá tó lọ ṣí géètì, yóò kọ́kọ́ dé òdìkejì títì yẹn.

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dáa," ni Nehemiah yóò wí láìyíjú padà.

Nígbà tí ọjọ́ kejìlá pé, tí Testimony sín lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, Nehemiah sá jáde láìwọ bàtà, ó sọ ọ́ fún màmá láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, títì wà láàárín wọn. Eruku ẹ̀rùn ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kò sín mọ́.

Awwal san. Ó rù, ikọ́ sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ kedere. Màmá ń lọ wò ó lójoojúmọ́, ó sì ń gbé ọsàn lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ le dáadáa, ó bá Sikirat gbé e lọ gba èyí tó kù, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti èéyi náà, nítorí Ikhlas ní gbígbà á kò ní pa á lára. Mùyídéènì gé awọ, ó rán àpò pélébé méjì tí káàdì lè wọ̀, ó sì fi irin gbígbóná kọ orúkọ sí wọn lára, AWWAL sí ọ̀kan, KIFAYAT sí èkejì. Ó mú ti Awwal wá fún màmá fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá dáadáa, takisí Nehemiah dúró níwájú géètì. Testimony sọ̀ kalẹ̀. Irun bíńtín ti ń hù lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó wọlé.

"Mo fẹ́ rí àwọn káàdì," ó wí.

Olùkọ́ kan tó wà nítòsí wo ojú màmá. Kò sí òbí tó béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Màmá gbé bẹ́ǹṣì sí abẹ́ igi máńgòrò, ó wọlé, ó sì kó fáìlì méjìdínlọ́gbọ̀n jáde.

Nehemiah jókòó. Ó ń ka ọjọ́ ìbí lórí káàdì, ó ń ka ọjọ́ ìbí lórí fọ́ọ̀mù, ó ń fi ìka tọ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Ibi tí kò bá yé e, ó ń béèrè, màmá sì ń dáhùn. Nígbà tó dé orí ti Awwal, ó yọ ọ́ nínú àpò awọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì dá a padà síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń dúró de takisí níta. Ẹnì kan fun fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tó ka ogún tán, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó pa fáìlì dé.

"Ó tó, Mọ̀mí," ó wí. "Mo ti gbà yín gbọ́."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ dìde. Màmá Ọdúntán kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó mú fáìlì tó tẹ̀lé e, ó ṣí i, ó sì gbé e lé orúnkún Nehemiah.

"Ó ku mẹ́jọ," ó wí.

Nehemiah tún jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.